Goldorak: akọni tí ogun lé kúrò nílé

Ní ọjọ́ 3 oṣù Keje ọdún 1978, àwọn ọmọdé ilẹ̀ Faransé rí ohun kan lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán tí wọn kò rí irú rẹ̀ rí. Wọ́n rí jagunjagun onírin kan tí ó ga tó mítà 30, tí ìwo wà ní orí rẹ̀, tí ó ń jáde láti inú ọkọ̀ òfurufú tí ó rí pẹrẹsẹ bí àwo. Orúkọ rẹ̀ ni Goldorak. Ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán Antenne 2 ni ó gbé eré náà jáde, nínú ètò àwọn ọmọdé tí ó ń jẹ́ Récré A2.

Ní àkókò náà, ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán mẹ́ta péré ni ó wà ní gbogbo ilẹ̀ Faransé. Ohun tí ọmọ kan bá wò ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó wò ó pẹ̀lú. Kò pẹ́ tí orúkọ Goldorak fi gba ẹnu tọmọdé tàgbà. Nígbà tí ó di oṣù Kìíní ọdún 1979, ìwé ìròyìn Paris Match gbé e sí ojú ewé àkọ́kọ́, níbi tí wọ́n máa ń gbé àwòrán àwọn olórí ìlú àti àwọn gbajúmọ̀ òṣèré sí.

Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà ti ń jiyàn lórí eré yìí. Àwọn kan sọ pé eré burúkú ni, pé ìjà nìkan ni ó ń kọ́ ọmọ. Àwọn mìíràn sọ pé ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ tiwa náà ń wo irú eré bẹ́ẹ̀ lónìí, lórí tẹlifísọ̀n àti lórí fóònù. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí a yẹ Goldorak wò dáadáa, kí a mọ ibi tí ó ti dára, kí a sì mọ ibi tí ó kù sí. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Ibi tí eré náà ti wá

Ọmọ ilẹ̀ Jàpáánì ni ayàwòrán tí ó dá Goldorak sílẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Go Nagai. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1945 ni a bí i, ìyẹn ní oṣù tí ó tẹ̀lé èyí tí wọ́n ju bọ́ǹbù átọ́mù sí ìlú Hiroshima àti ìlú Nagasaki. Inú ìlú tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ bà jẹ́ ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dàgbà.

Ní ọdún 1972, Go Nagai gbé eré kan jáde tí ó ń jẹ́ Mazinger Z. Róbọ́ọ̀tì ni Mazinger Z. Róbọ́ọ̀tì ni ẹ̀rọ tí ó lè ṣiṣẹ́ bí ènìyàn, tí wọ́n sì máa ń fún ní orí, apá àti ẹsẹ̀ nínú ìtàn. Ohun tuntun tí Go Nagai ṣe ni pé ó fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó sí orí róbọ́ọ̀tì náà, bí awakọ̀ ti ń jókòó nínú ọkọ̀ rẹ̀. Bí ọmọ náà bá ti fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni róbọ́ọ̀tì náà ń ṣe. Eré mìíràn tẹ̀lé e, tí ó ń jẹ́ Great Mazinger. Goldorak ni ó ṣe ìkẹta wọn.

Ní Jàpáánì, Grendizer ni orúkọ róbọ́ọ̀tì náà. Ilé iṣẹ́ Toei ni ó ya àwòrán rẹ̀ fún tẹlifísọ̀n. Ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1975, ó sì parí ní oṣù Kejì ọdún 1977. Apá 74 ni ó jẹ́ lápapọ̀. Nígbà tí ó dé ilẹ̀ Faransé, wọ́n yí èdè rẹ̀ padà, wọ́n sì yí orúkọ àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ padà pẹ̀lú. Wọ́n mú orúkọ púpọ̀ láti inú orúkọ àwọn ìràwọ̀ ojú ọ̀run. Alcor, Mizar, Rigel, Procyon: ìràwọ̀ gidi ni gbogbo wọn. Àwọn orúkọ tí a mọ̀ ní èdè Faransé yìí ni a ó máa lò.

Ìtàn náà ní ṣókí

Ọmọ ọba ni Actarus. Euphor ni orúkọ ilẹ̀ rẹ̀, ayé mìíràn ni, tí ó jìnnà réré sí ayé tiwa. Ọba kan tí ó ń jẹ́ Véga kó ogun ja Euphor. Ó pa àwọn ènìyàn ibẹ̀, ó sì fi ìtànṣán olóró ba ilẹ̀ náà jẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò fi lè gbé inú rẹ̀ mọ́. Actarus bọ́ sínú Goldorak, ó sá lọ. Ó fò títí ó fi já sí ilẹ̀ Jàpáánì.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí ó ń jẹ́ Procyon ni ó gbà á sílẹ̀. Procyon ni olórí ilé ìwádìí tí ó ń ṣọ́ ojú ọ̀run. Ó fi Actarus ṣe ọmọ, ó sì bá a gbé Goldorak pamọ́. Actarus wá ń ṣiṣẹ́ ní oko ẹran ọ̀sìn kan, lọ́dọ̀ bàbá kan tí ó ń jẹ́ Rigel. Ó ń bọ́ màlúù, ó ń tọ́jú ẹṣin. Rigel kò mọ̀ pé ọmọ ọba ni òun ń pè níṣẹ́. Vénusia, ọmọbìnrin Rigel, àti Mizar, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ogun tí Actarus sá fún tún lé e bá. Àwọn ọmọ-ogun Véga dé sí òṣùpá, wọ́n tẹ̀dó síbẹ̀, wọ́n sì fẹ́ gba ayé wa. Actarus kò fẹ́ jagun mọ́. Síbẹ̀, bí kò bá jáde, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Euphor ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀ tí ó gbà á. Ó tún gun Goldorak.

Ibi tí eré náà ti dára

Ohun àkọ́kọ́ tí ó dára nínú eré yìí ni irú ẹni tí akọni rẹ̀ jẹ́. Ogunléndé ni Actarus. Nínú ọ̀pọ̀ ìtàn báyìí, ẹni tí ó bá ti ojú ọ̀run wá ni ọ̀tá, ọmọ onílẹ̀ sì ni akọni. Nínú Goldorak, ojú ọ̀run kan náà ni ọ̀tá àti olùgbàlà ti wá. Ọmọ tí ó bá wo eré yìí yóò rí i pé a kò lè fi ibi tí ènìyàn ti wá mọ irú ènìyàn tí ó jẹ́.

Àwọn àgbà wa sọ pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Actarus ń gbé irú ayé àlejò bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí àwọn ará oko ń pè é kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ kò ṣe é sọ níbi tí wọ́n bá ti ń tàkúrọ̀sọ. Bí wọ́n bá bínú sí i pé ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò lè ṣàlàyé pé ogun ni òun lọ jà nítorí tiwọn. Ẹni tí ó bá ti fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀ rí nítorí ogun tàbí nítorí ìyà yóò mọ ohun tí eré náà ń wí.

Ohun kejì ni pé Actarus kò fẹ́ràn ogun. Kò fi ìjà yangàn. Ó ní ọgbẹ́ kan ní apá, èyí tí ohun ìjà Véga dá sí i lára. Ọgbẹ́ náà kò jinná. Ìtànṣán olóró wà nínú rẹ̀, ó sì ń jẹ ẹ́ lára díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá rántí ohun tí bọ́ǹbù átọ́mù ṣe sí àwọn ará Hiroshima àti Nagasaki yóò mọ̀ pé ọgbẹ́ yìí kì í ṣe àlọ́ lásán. Ní ìlú méjèèjì, àwọn tí iná kò pa lójú ẹsẹ̀ ṣàìsàn fún ìgbà pípẹ́ nítorí ìtànṣán tí ó wọ̀ wọ́n lára. Eré náà sọ fún ọmọdé pé ogun a máa parí lójú pápá, kí ó tó parí lára ènìyàn a máa pẹ́.

Ohun kẹta ni ìfọwọ́sowọ́pọ̀. Goldorak lágbára púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù kan: kò lè fò bí kò bá sí ọkọ̀ òfurufú rẹ̀. Àwọn ọ̀tá mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn a sì máa wá ọ̀nà láti ya òun àti ọkọ̀ rẹ̀ nípa. Nígbà tí ó yá, àwọn ọ̀rẹ́ Actarus kan ọkọ̀ mìíràn láti máa ràn án lọ́wọ́: ọ̀kan fún ojú ọ̀run, ọ̀kan fún inú omi, ọ̀kan fún abẹ́ ilẹ̀. Alcor ń wa ọ̀kan. Vénusia, tí ó ti wá mọ àṣírí náà, ń wa òmíràn. Phénicia, àbúrò Actarus obìnrin, tí a ti rò pé ó kú sí Euphor, ń wa ẹ̀kẹta. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Akọni tí ó lágbára jùlọ pàápàá nílò ẹni tí yóò gbé e dìde.

Ohun kẹrin ni pé àwọn ọ̀tá kì í ṣe igi. Wọ́n ń bẹ̀rù ọba wọn, wọ́n ń ṣe ìlara ara wọn, wọ́n ń ṣe àṣìṣe. Bí ìtàn náà sì ti ń lọ, ohun olóró tí ọba Véga fi ba ilé onílé jẹ́ ni ó padà ba ilé tirẹ̀ jẹ́. Ayé Véga fọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, àwọn tí ó sọ ẹlòmíràn di ogunléndé di ogunléndé fúnra wọn. Ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé orin rẹ̀. Shunsuke Kikuchi ni ó ṣe orin eré náà ní Jàpáánì. Bí fèrè àti ìlù bá ti dún, ara ọmọdé a yá gágá. Ṣùgbọ́n orin mìíràn wà, tí ó rọra ń lọ, tí ó máa ń dún nígbà tí Actarus bá dá jókòó tí ó ń rántí ilé. Orin méjèèjì ni eré náà: ọ̀kan fún ogun, ọ̀kan fún ohun tí ogun gbà lọ.

Ibi tí eré náà kù sí

Àbùkù àkọ́kọ́ ni àtúnwí. Ẹni tí ó bá ti wo apá márùn-ún lè sọ bí apá kẹfà yóò ti rí. Àwọn ọ̀tá rán ẹ̀rọ abàmì kan wá, èyí tí wọ́n ń pè ní Golgoth. Alcor jáde lọ kọ́kọ́ pàdé rẹ̀, wọ́n sì ṣẹ́gun rẹ̀. Actarus sá kúrò ní oko, ó wọ aṣọ ogun, ó gun Goldorak. Wọ́n jà. Golgoth fọ́ yángá. Ó parí.

Àwòrán kan náà ni wọ́n tún ń lò nígbà púpọ̀. Bí Actarus ṣe ń fò wọ inú Goldorak, bí Goldorak ṣe ń jáde láti abẹ́ ilẹ̀, ohun tí a rí ní ọ̀sẹ̀ yìí ni a ó rí ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ó ní ìdí. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ya irú eré bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú kan péré lè gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwòrán, apá tuntun sì gbọ́dọ̀ jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwòrán tí a bá lò ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá dín owó kù, ó dín iṣẹ́ kù. Ọmọdé a tilẹ̀ máa fẹ́ràn rẹ̀, bí ó ti ń fẹ́ràn àlọ́ tí ó ti mọ ègbè rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbà tí ó bá jókòó tì í yóò sú.

Ọgbọ́n inú ìjà náà kò kún tó pẹ̀lú. Goldorak ní ohun ìjà púpọ̀. Ó lè ju ọwọ́ rẹ̀ lu ọ̀tá, èyí ni wọ́n ń pè ní fulguropoing. Ó ní àáké ńlá kan, astérohache, tí ó lè la irin sí méjì. Bí ó bá jẹ́ pé àáké yìí ni yóò parí ìjà, kí ló dé tí Actarus kì í mú un jáde ní ìbẹ̀rẹ̀? Ọba Véga ńkọ́? Bí ó bá ní ohun èlò tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ó fi ń rán Golgoth ní ọ̀kọ̀ọ̀kan? Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè béèrè ọ̀rọ̀ yìí. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé bí wọ́n bá ṣe é bí ó ti yẹ, eré náà kì bá tí pé apá 74.

Àbùkù kejì kan àwọn obìnrin inú eré náà. Fún ìgbà pípẹ́, iṣẹ́ Vénusia kò ju kí ó máa dúró, kí ó máa ṣàníyàn, kí ó máa sunkún. Nígbà tí ó wá di awakọ̀ òfurufú, ó ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin ṣì ń sọ fún un pé kí ó dúró sílé. Àwọn obìnrin tí ó fẹ́ràn Actarus láti ayé mìíràn tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n dé, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́, wọ́n sì kú kí akọni lè máa bá ìtàn lọ.

Alcor náà ní ẹjọ́ láti rò. Nínú Mazinger Z, òun ni akọni. Òun ni ó jókòó sí orí róbọ́ọ̀tì. Nínú Goldorak, ó di ẹni tí ń kọ́kọ́ jáde kí wọ́n lè lù ú. Àwọn ọmọ Jàpáánì tí ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ rí bí ipò rẹ̀ ti rẹlẹ̀ tó. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Faransé kò mọ̀, nítorí Goldorak ti dé ọ̀dọ̀ wọn ṣáájú Mazinger Z.

Àbùkù kẹta ni ó wúwo jùlọ. Eré náà kì í ka òkú. Àwọn ọkọ̀ òfurufú Véga tí Goldorak ń fọ́ ní gbogbo apá, ènìyàn ń bẹ nínú wọn. Ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀, ariwo gbàmù, wọ́n ti lọ. A kò rí ojú wọn. A kò gbọ́ orúkọ wọn. Nígbà mìíràn, ìlú ilẹ̀ ayé ni ó ń jóná, ilé ń wó, àwọn ènìyàn ń sá. Bí ìjà bá parí, Actarus a padà sí oko, oòrùn a sì wọ̀ lórí pápá. Ní apá tí ó tẹ̀ lé e, a kì í sábà gbọ́ nípa ìlú náà mọ́.

Ẹ wò ó dáadáa: ẹnu eré náà ń sọ pé ogun burú, ọwọ́ rẹ̀ sì ń fi hàn pé ogun dùn. Bí Actarus bá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú méjì pé òun kórìíra ìpànìyàn, ìjà yóò gba ìṣẹ́jú púpọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú orin tí ń mú ara yá. Èwo nínú méjèèjì ni ọmọdé yóò rántí nígbà tí ó bá jáde lọ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré? Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n.

Àwọn apá tí eré náà ti ka òkú

Síbẹ̀, àwọn apá kan wà tí eré náà ti ṣe ohun tí ó yẹ kí ó máa ṣe. Nínú ọ̀kan, ọmọbìnrin kan dé láti Euphor. Naïda ni orúkọ rẹ̀. Ó ti fẹ́ràn Actarus nígbà tí ilé ṣì wà bí ilé. Nígbà tí ó rí i, ó bi í léèrè ìdí tí ó fi sá lọ tí ó fi àwọn ènìyàn rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tá. Ọ̀rọ̀ náà gún Actarus lọ́kàn débi pé kò lè jà mọ́. Àwọn ọ̀tá ti da ọpọlọ Naïda rú kí wọ́n tó rán an wá. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe ìbéèrè wèrè. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó sá fún ogun ni ó ń bi ara rẹ̀ ní irú ìbéèrè yìí lóru. Nígbà tí iyè Naïda sọ padà, ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ gba Actarus là.

Nínú apá mìíràn, tí ó sún mọ́ òpin ìtàn náà, Rubina dé. Ọmọ ọba Véga ni. Nígbà kan rí, wọ́n ti fi í ṣe àfẹ́sọ́nà Actarus. Ó rí i pé ilẹ̀ Euphor, tí gbogbo ènìyàn ti rò pé ó kú, ti ń sọjí. Olóró ń kúrò nínú rẹ̀. Rubina wá sọ ìròyìn náà fún Actarus, nítorí ó gbàgbọ́ pé ìròyìn yìí lè fòpin sí ogun. Ìbọn àwọn ènìyàn bàbá rẹ̀ ni ó pa á. Ọmọ ọ̀tá ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wo apá yìí yóò kẹ́dùn rẹ̀ bí ẹni pé ọmọ ilé ni.

Nínú àwọn apá wọ̀nyí, òkú ní orúkọ, òkú ní ojú, ẹni tí ó kù sílẹ̀ sì ń sunkún. Àwọn ni ó mú kí Goldorak ju eré ìjà lásán lọ. Ìṣòro rẹ̀ ni pé wọn kò pọ̀ tó láàárín apá 74.

Ìparí rẹ̀ pàápàá bá wọn mu. Ọba Véga kú, ogun tán. Actarus kò dúró kí wọ́n máa yìn ín. Òun àti Phénicia dágbére fún àwọn tí ó gbà wọ́n, wọ́n sì gbéra lọ sí Euphor láti lọ tún un kọ́. Ilé làbọ̀ ìsinmi oko. Fún ogunléndé, ẹ̀bùn tí ó tóbi jùlọ lẹ́yìn ogun ni kí ọ̀nà ilé ṣí.

Àríyànjiyàn àwọn àgbà

Ní ọdún 1981, Liliane Lurçat, onímọ̀ nípa ọkàn àwọn ọmọdé ní ilẹ̀ Faransé, kọ ìwé kan lórí àwọn ọmọ kékeré àti tẹlifísọ̀n. Bí a bá túmọ̀ àkọlé ìwé náà sí èdè wa, yóò jẹ́: Ọmọ ọdún márùn-ún, òun nìkan pẹ̀lú Goldorak. Ẹ jẹ́ kí a fi etí sí àkọlé yìí. Ọ̀rọ̀ méjì ni ó ṣe pàtàkì nínú rẹ̀: "òun nìkan".

Ọmọ ọdún márùn-ún kò tíì lè ya ohun tí ó jẹ́ òótọ́ sọ́tọ̀ pátápátá kúrò lára ohun tí a yà. Bí ó bá wà níwájú ìjà, iná àti igbe, tí kò sí ẹni tí yóò bi léèrè ọ̀rọ̀, ẹ̀rù lè bà á, tàbí kí ó rò pé ìjà ni a fi ń parí ọ̀rọ̀. Ẹ̀bi eré wà níbẹ̀. Ẹ̀bi ìdáwà ọmọ náà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo ibòmíràn. Ní orílẹ̀-èdè Lẹ́bánónì ni wọ́n ti túmọ̀ eré kan náà sí èdè Lárúbáwá. Ogun abẹ́lé ń jà ní Lẹ́bánónì nígbà náà. Ọdún 1975 ni ó bẹ̀rẹ̀, ọdún 1990 ni ó sì tó parí. Láti ibẹ̀ ni eré náà ti tàn ká ilẹ̀ àwọn Lárúbáwá. Lára àwọn ọmọ tí ó wò ó, ọ̀pọ̀ ni ó mọ ìró ìbọn gidi. Akọni tí ó pàdánù ilé rẹ̀, tí ó sì kọ̀ kí wọ́n ba ilé ẹlòmíràn jẹ́, kì í ṣe àjèjì sí wọn. Títí di òní, wọn kò gbàgbé rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, wọ́n gbé ère róbọ́ọ̀tì náà dúró ní ìlú Riyadh, ní ilẹ̀ Saudi Arébíà. Gíga rẹ̀ lé ní mítà 33.

Eré kan ni. Ó ba àwọn òbí kan lẹ́rù, ó sì fún àwọn ọmọ mìíràn ní ìgboyà. Ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan rí nínú rẹ̀ kò ṣẹ̀yìn ibi tí ó jókòó sí, àti ẹni tí ó jókòó tì í.

Ohun tí ó kù fún wa láti ṣe

Bí ọmọ rẹ bá ń wo Goldorak, tàbí eré ìjà mìíràn tí ó jọ ọ́, má ṣe yára pa á. Má sì ṣe fi í sílẹ̀ kí o bọ́ síta. Bí ọmọ náà bá kéré gan-an, jẹ́ kí ó dàgbà díẹ̀ kí ó tó wò ó. Bí ó bá ti gbọ́n tó láti sọ ìtàn, jókòó tì í. Kò pọn dandan kí o gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ Faransé tí wọ́n ń sọ. Jẹ́ kí ọmọ náà túmọ̀ rẹ̀ fún ọ. Bí ó ti ń túmọ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ronú.

Nígbà tí apá kan bá parí, bi í ní ìbéèrè díẹ̀:

Ta ni ó wà nínú ọkọ̀ tí ó fọ́ yẹn? Ǹjẹ́ ó ní ìyá?

Àwọn tí ilé wọn wó ńkọ́, níbo ni wọn yóò sùn lálẹ́ òní?

Kí ló dé tí Actarus kò fẹ́ jagun, tí ó sì tún ń jà?

Bí àjèjì kan bá sá fún ogun dé àdúgbò wa, kí ni a ó ṣe fún un?

Ìbéèrè kò ní ba eré jẹ́ mọ́ ọmọ lọ́wọ́. Àlọ́ pàápàá, bí a bá pa á tán, a máa ń béèrè ohun tí ó kọ́ wa. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn tí ó ya Goldorak ti ṣe ìwọ̀n tí wọ́n lè ṣe: wọ́n fún àwọn ọmọdé ní akọni tí ó mọ iye tí ogun ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Òkú tí wọn kò kà, àwa tí a jókòó ti ọmọ ni yóò kà á.